Àbúrò Mi, Géèmù Skate àti Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ilẹ̀ Adó

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi ọkùnrin wọlé, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì mọ́ àyà. Kò sunkún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ sọ fún wa pé nǹkan ti ṣe é. Màámi fi ewédú tí wọ́n ń já sílẹ̀, wọ́n sáré dìde: "Kí ni ó ṣe ọ́? Ta ni ó lù ọ́?"

Ó dáhùn pé, "Màámi, ẹ má bínú. Mo fẹ́ fò bí wọ́n ṣe ń fò nínú géèmù ni."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n yọ wíìlì lára àpótí ìrìnàjò tí ó ti bàjẹ́, tí wọ́n kàn án mọ́ pákó, tí wọ́n sì gbé e lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà kan ní Bàsírì. Òkúta wẹ́wẹ́ kan há mọ́ wíìlì. Pákó dúró, ọmọ kò dúró. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, àwòrán fi hàn pé egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti sán. Wọ́n fi P.O.P. dì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Bàámi kò pariwo. Ohun tí wọ́n sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ̀rọ géèmù yẹn gbọ́dọ̀ kúrò nílé yìí kí oṣù tó parí." Èmi ni mo ra ẹ̀rọ náà, PlayStation 3 tòkunbọ̀, pẹ̀lú díìsì Skate 2. Gbogbo ilé kò wí nǹkan fún mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ibi tí ẹjọ́ náà dé sí.

Mo jókòó sídìí ohun tí ó ń wò

Kí n tó wá ẹni tí yóò rà á, mo fẹ́ mọ ohun tí ọmọ yìí rí níbẹ̀. Lóru ọjọ́ kan tí iná wà, mo mú páàdì.

Irú géèmù yìí tí mo mọ̀ láti ìgbà èwe ni Tony Hawk's Pro Skater, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1999. Nínú ìyẹn, ẹ ó tẹ bọ́tìnì kan, eléré á sì fò bí ẹyẹ. Skate yàtọ̀ sí i. Ilé iṣẹ́ EA Black Box ní Kánádà ni ó ṣe é. Ti àkọ́kọ́ jáde ní 2007, Skate 2 tẹ̀ lé e ní oṣù Kìn-ín-ní 2009, Skate 3 sì dé ní oṣù Karùn-ún 2010. Nínú wọn, igi kékeré tí ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún lórí páàdì ni ó dúró fún ẹsẹ̀ eléré. Ẹ fà á wálẹ̀, eléré á lóṣòó díẹ̀. Ẹ ta á sókè, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á gbá ìdí pátákó mọ́lẹ̀, pátákó á sì gbéra. Bí ẹ bá ta á láìtọ́ àkókò, ilẹ̀ ni eléré yóò bá ara rẹ̀. Mo ṣubú ní ìgbà mẹ́tàdínlógún kí n tó fo àga ìjókòó kan ṣoṣo.

Skate 2 ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí eléré sọ̀kalẹ̀ lórí pátákó, kí ó fẹsẹ̀ rìn, kí ó fa àga tàbí pèpéle sí ibi tí ó bá wù ú, kí ó sì fi ṣe ibi ìfò. Ìlú tí wọ́n ti ń ṣe é, New San Vanelona, jẹ́ ìlú tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn àjálù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń lé àwọn eléré kúrò níwájú ilé. Bí mo ṣe ń ṣe é lọ, ó yé mi ìdí tí àbúrò mi fi fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tí kì í fara balẹ̀ ka ojú ìwé mẹ́ta lè tún ohun kan ṣoṣo ṣe ní ọgọ́ta ìgbà láìkùn.

Ohun tí géèmù kò fi hàn án

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì kọ mí lóminú. Àkọ́kọ́ ni pé ẹ lè fi àmì sí ojú kan. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ ó tẹ bọ́tìnì, ẹ ó sì padà dé ibi àmì náà lójú ẹsẹ̀, láìgun òkè kankan, láìní ọgbẹ́. Èkejì ni abala kan nínú Skate 2 tí wọ́n ń pè ní Hall of Meat. Níbẹ̀, ìṣubú gan-an ni wọ́n fi ń gba máàkì. Bí ara bá ṣe fara pa tó, bẹ́ẹ̀ ni máàkì yóò pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà, eléré á dìde, á gbọn ara nù.

Géèmù yìí fara jọ òtítọ́ nínú ohun gbogbo, àfi nínú ohun tí ìṣubú ń ná ènìyàn. Kò sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú rẹ̀. Kò sí ìyá tí kò sùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò lè fúnra rẹ̀ mọ ibi tí òtítọ́ parí sí, bí ẹnikẹ́ni kò bá jókòó tì í. Èmi tí mo ra ẹ̀rọ kò jókòó tì í rí.

Kì í ṣe eré àwọn ará òkè òkun nìkan

Bàámi gbà pé eré ọmọ ìta ni. Mo fi hàn wọ́n lórí fóònù pé eré yìí wọ ìdíje Òlíḿpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Tokyo, ní 2021, níbi tí Momiji Nishiya, ọmọ Japan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ti gba wúrà. Mo fi àwọn ọ̀dọ́ Èkó hàn wọ́n, àwọn tí Jomi Marcus-Bello kó jọ sábẹ́ WAFFLESNCREAM, tí wọ́n ń gun pátákó lójú títì. Mo fi Freedom Skate Park ní Accra hàn wọ́n, pápá àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ghana. Ẹgbẹ́ Surf Ghana ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀, Virgil Abloh, ayàwòrán aṣọ tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ghana, sì wà lára àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kejìlá 2021, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Bàámi wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ní Accra, wọ́n ṣe ilẹ̀ fún wọn. Ta ni ó ṣe ilẹ̀ fún tiwa?"

N kò rí èsì fọ̀. Àwọn àgbà sọ pé inú òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti jáde, bẹ́ẹ̀ ni Adó sì rí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò wọ́n wa. Ibi tí ó tẹ́jú, tí ó dán, tí ọ̀kadà kì í gbà, ni ó wọ́n wa.

Àpá orókún

Ẹ̀gbọ́n Bàámi ni ó tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wá láti Ìyìn-Èkìtì láti kí wa. Wọ́n wo P.O.P., wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọjú sí Bàámi: "Ṣé o ti fi àpá orókún rẹ hàn án?"

Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ pé nígbà èwe wọn ní Ìyìn, bíárìn tí mẹkáníìkì ti jù nù ni wọ́n ń kàn mọ́ pákó, tí wọ́n sì ń gùn ún sọ̀kalẹ̀ òkè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàámi wọ gọ́tà. Àbúrò mi tẹjú mọ́ bàbá rẹ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí wọn.

A kò ta ẹ̀rọ náà mọ́, ṣùgbọ́n a là á kalẹ̀. Géèmù di ọjọ́ Sátidé, èmi yóò sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ jinná, mo ra pátákó tòkunbọ̀ gidi, akoto, àti ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọrùn ọwọ́ àti orókún. Kò gbọdọ̀ gùn ún ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tàbí lójú títì. Wọ́n gbà wá láyè ní gbàgede kọ̀ǹkéré kan ní àdúgbò wa. Ohun àkọ́kọ́ tí ó kọ́ níbẹ̀ ni bí a ṣe ń ṣubú: kí a má na ọwọ́ sílẹ̀ ganran, kí a ká orókún, kí a fi èjìká yí.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Skate tuntun jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ Full Circle. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí lórí PlayStation 3 wa. Mo rò pé àbúrò mi yóò bẹ̀ mí. Ó ní òun ṣì ń gbìyànjú láti fo bíríkì kan ṣoṣo ní gbàgede.

Sátidé tí ó kọjá, ó fo bíríkì náà, ó gbá a, ó sì ṣubú. Ó fi èjìká yí gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kọ́ ọ. Bàámi, tí wọ́n jókòó sórí àga pẹ̀lú ìwé ìròyìn, kò gbójú sókè.

Wọ́n ní, "O tètè fò. Padà sẹ́yìn, kí o tún un ṣe."