Kí Àgírímẹ́ǹtì Ilẹ̀ Yín Tó Dé Iwájú Adájọ́

Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ilẹ̀ tó wà nínú àpótí àwọn ènìyàn wa ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ló pé lójú: orúkọ ẹni tó tà àti ẹni tó rà wà níbẹ̀, mọ̀lẹ́bí ti bọwọ́ lù ú, ẹlẹ́rìí wà, ìwé sọ́fè wà. Ohun tí a kì í sábà rí níbẹ̀ ni òǹtẹ̀ ìjọba tó fi hàn pé wọ́n ti san owó òǹtẹ̀, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní sítáǹpù dúti. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òǹtẹ̀ náà wà, àmọ́ iye tí wọ́n san kò tó. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí ìjà, kò sẹ́ni tó ń bi ìwé náà léèrè ọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá da yanrìn sórí ilẹ̀ náà tí ọ̀rọ̀ sì di ti kóòtù, òǹtẹ̀ yìí gan-an ni lọ́yà alátakò yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó bá fẹ́ pẹjọ́ lórí dúkìá gbọ́dọ̀ tún owó òǹtẹ̀ ìwé rẹ̀ ṣe kó tó pẹjọ́. Kó má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ààyè díẹ̀ tí òfin fi sílẹ̀ fún un níwájú adájọ́.

Òfin Owó Òǹtẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1939, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti ara òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti 1891, ló wà lójú iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bọwọ́ lu èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé wọ̀nyí. Abala 22 rẹ̀ sọ pé ìwé tó kan dúkìá ní Nàìjíríà kò ṣeé lò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, kò sì wúlò fún ohunkóhun mìíràn, bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ bí ó ti yẹ gẹ́gẹ́ bí òfin ọjọ́ tí wọ́n bọwọ́ lù ú. Ẹjọ́ ọ̀daràn nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì: ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ lè ran ìjọba lọ́wọ́ láti sọ gbájúẹ̀ tó ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta sẹ́wọ̀n, àmọ́ ìwé kan náà lè dá ẹni tó ra ilẹ̀ dúró nínú ẹjọ́ tí yóò fi gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Òfin náà tún gbé ojúṣe lé adájọ́ fúnra rẹ̀ lórí. Bí alátakò bá tilẹ̀ dákẹ́, adájọ́ gbọ́dọ̀ kíyè sí i pé òǹtẹ̀ kò sí tàbí pé owó rẹ̀ kò pé. Láti 1 January 2026 ni Òfin Owó-orí Nàìjíríà ti 2025 ti gba ipò òfin àtijọ́ yìí, owó òǹtẹ̀ sì ṣì wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti parí ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tó gbà pé ìwé ilẹ̀ tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ṣeé mú wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Lóòótọ́ ni ìdájọ́ yẹn wà, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ni ó dá lé lórí, kì í ṣe owó òǹtẹ̀. Ohun tí ilé-ẹjọ́ náà wò ni pé ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rí sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, nítorí náà òfin ìforúkọsílẹ̀ tí ìpínlẹ̀ ṣe kò lágbára láti ti ìwé mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kóòtù. Òfin owó òǹtẹ̀ kì í ṣe ti ìpínlẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ ni, kò sì sí bí a ó ṣe fi àwíjàre yẹn bì í ṣubú.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le tó bí àwọn ènìyàn ti ń rò. Bí ilé-iṣẹ́ bá wà nínú àdéhùn náà, ọ̀dọ̀ àjọ owó-orí ìjọba àpapọ̀ ni à ń lọ. Bó bá jẹ́ láàárín ẹni sí ẹni, ọ́fíìsì owó-orí ìpínlẹ̀ ni. Ẹ mú ojúlówó ìwé náà dání, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣírò iye tó yẹ. Òfin àtijọ́ tilẹ̀ fàyè gba kí ọ̀gá owó òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ yẹ ìwé wò, kó fi òǹtẹ̀ pàtàkì jẹ́rìí sí i pé owó rẹ̀ pé. Ìwé tó bá ní òǹtẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó tún lè takò ó ní kóòtù nítorí owó òǹtẹ̀. Ní ti ìtanràn, òfin 1939 fún ọ̀pọ̀ ìwé ní 40 ọjọ́, ó sì fún àwọn kan ní 30. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ ní láti san owó tó kù, 20 náírà, àti èlé ìdá 10 nínú 100 lọ́dọọdún, títí èlé náà yóò fi bá owó tó kù dọ́gba. Ká ní 150,000 náírà ló yẹ kí ẹnì kan san, tó sì san 50,000 péré. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 100,000 tó kù, èlé 50,000 àti 20 náírà ni, àpapọ̀ 150,020. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, èlé nìkan ti di 100,000. Ọ́fíìsì ni yóò sọ iye ìtanràn tó ń ṣiṣẹ́ lónìí. Ti ilé yíyá kò tilẹ̀ wọ́n lábẹ́ òfin àtijọ́. Nígbà tí ariwo ta ní July 2020 pé ìdá 6 nínú 100 ni ìjọba yóò máa gbà lórí owó ilé, àdéhùn tó ju ọdún 21 lọ ni ìdá 6 yẹn wà fún. Èyí tí kò tó ọdún méje jẹ́ ìdá 0.78 nígbà náà, ìyẹn 7,800 náírà lórí mílíọ̀nù kan.

Àtakò tó lágbára jù ni èyí: òfin 1939 kan náà gbà kí èèyàn san owó tó kù àti ìtanràn fún rẹ́jísírà kóòtù, kí wọ́n sì gba ìwé rẹ̀ wọlé. Kí ló dé tí a ó fi máa kánjú? Ìwé tí òfin gbà kí wọ́n tẹ̀ lóǹtẹ̀ lẹ́yìn ìbọwọ́lùwé nìkan ni ààyè yìí wà fún, ọ̀rọ̀ òfin náà sì ni pé wọ́n lè gbà á, kì í ṣe pé dandan ni. Ẹni tó bá dúró dé ìgbà náà ti fún alátakò láǹfààní láti gbé àtakò dìde, kí ẹjọ́ sún síwájú, kí lọ́yà tún gba owó ìfarahàn mìíràn, èlé sì ń pọ̀ sí i. Lóòótọ́, òǹtẹ̀ kò sọ ilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ tà lẹ́ẹ̀mejì di ojúlówó. Ohun tó ń ṣe ni pé ó jẹ́ kí adájọ́ lè ka ìwé yín, kó tó mọ ẹni tó ni ilẹ̀.

Ọ̀kan ṣì wà tó burú ju àìsan lọ, òun ni kíkọ iye tó kéré sínú ìwé kí owó òǹtẹ̀ lè dín kù. Èrú ni, òfin sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ilé tí ẹ san mílíọ̀nù 20 lé lórí bá jẹ́ mílíọ̀nù 5 nínú ìwé, ìṣòro ńlá ni láti gba mílíọ̀nù 20 padà lọ́wọ́ ẹni tó rẹ́ yín jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àgírímẹ́ǹtì yín fún lọ́yà lọ́sẹ̀ yìí, kó wo ẹ̀yìn àti iwájú rẹ̀ bóyá òǹtẹ̀ rẹ̀ pé, kí ẹ sì san èyí tó bá kù kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé ìpẹ̀jọ́.