Ọkọ̀ Ogun Inú Ọ̀sà àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ yóò rántí láti inú ẹ̀kọ́ ìtàn pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣẹ́gun Èkó ní 1851. Irú ọkọ̀ tí ó ṣe é ni a kì í sábà ṣàlàyé. Òkìtì iyanrìn wà lábẹ́ omi ní ẹnu ọ̀sà Èkó. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ bá jìn kò lè kọjá. Nítorí náà Penelope, ọkọ̀ ńlá ọ̀gágun Bruce, dúró sójú òkun. Bloodhound àti Teazer, ọkọ̀ kéékèèké tí agbára ooru omi híhó ń wà, ni wọ́n wọlé pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ alájẹ̀.

Kò rọrùn fún wọn. Ní oṣù kọkànlá, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ lé wọn padà. Nígbà tí wọ́n tún dé ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá, iyanrìn gbé ọkọ̀ méjèèjì, àgbá Kòsọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí dà bò wọ́n. Ní ọjọ́ kejì ni ọ̀tá oníná kan bá ilé ẹ̀tù Òṣòdì Tápà, ìlú sì gbiná. Ogun Agídìǹgbì ni àwọn ará Èkó ń pè é, nítorí ìró àgbá. Kòsọ́kọ́ sá, Akítóyè padà sórí oyè, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òwò ẹrú parí.

Ní 1851 kan náà ni Samuel Àjàyí Crowther bá ìjọba sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀ràn Èkó. Ìdí rẹ̀ yé wa: ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣọ́ òkun ni ó gba òun fúnra rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ní 1822. Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ bí tiwa kò gbọdọ̀ fi pamọ́ pé Ìhìnrere àti àgbá jọ gba ẹnu ọ̀sà kan náà wọlé. Ní 1861, ọkọ̀ ogun Prometheus wà nínú ọ̀sà nígbà tí Dòsùnmú fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́.

Odò Ọ̀ṣun tí ó kọjá ní Òṣogbo ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe odò tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gòkè. Ìbọn ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ ní Èkó, tí àwọn Sàró wà nínú rẹ̀, fi ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun Ògèdèǹgbé. Ìró ìbọn ogun náà ni a sì fi sọ ọ́ ní Kírìjì.