Ààlà Tó Wà Nínú Àdírẹ́sì Kọ̀ǹpútà

Kí kọ̀ǹpútà kan tó ránṣẹ́ sí òmíràn, ìbéèrè kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: ṣé ará agboolé mi ni ẹni yìí, àbí ará ìta? Bó bá jẹ́ ará ilé, á jẹ́ iṣẹ́ náà fún un tààrà. Bó bá jẹ́ ará ìta, á gbé e lé oníbodè lọ́wọ́, ìyẹn rúútà. Orí ìbéèrè yìí ni pípín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí abala kéékèèké, tí wọ́n ń pè ní subnet, dúró lé.

Inú àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní àdírẹ́sì IP, ni ìdáhùn wà. Ẹ wo 192.168.10.70. Bíìtì mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1, ló wà nídìí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí ìkankan kò fi lè kọjá 255. Apá òsì ni orúkọ agboolé, apá ọ̀tún ni nọ́ńbà yàrá. Àmọ́ níbo gan-an ni orúkọ agboolé parí sí? Àdírẹ́sì fúnra rẹ̀ kò sọ; àmì tó-tò-tó tó wà láàárín rẹ̀ kàn ń jẹ́ kó rọ ojú ènìyàn lọ́rùn láti kà ni. Nọ́ńbà mìíràn, subnet mask, ló ń fa ààlà.

Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ń lo 192.168.10.0, tó ní àyè 256. Wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ìṣirò owó dá wà, kí ti akẹ́kọ̀ọ́ dá wà, kí ti ilé ìkàwé dá wà, kí kámẹ́rà ẹ̀ṣọ́ náà dá wà. Wọn yóò gba bíìtì méjì kúrò lára apá yàrá, wọn yóò fi kún apá agboolé. Bíìtì méjì lè jẹ́ 00, 01, 10 tàbí 11, agboolé mẹ́rin sì nìyẹn: 0 sí 63, 64 sí 127, 128 sí 191, 192 sí 255. Mask wọn á di 255.255.255.192, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń gé kúrú sí /26, torí pé bíìtì 26 ló wà lápá òsì ààlà. Nínú àyè 64 tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ 62 ló lè lò ó: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni orúkọ agboolé, ti ìkẹyìn sì jẹ́ ti ìkéde fún gbogbo ará ilé.

Wàyí o, 70 fẹ́ bá 130 sọ̀rọ̀. Ó gbé mask lé àdírẹ́sì ara rẹ̀. 70 ni 01000110, 192 ni 11000000. Ibi tí méjèèjì bá ti jẹ́ 1 nìkan ni 1 ti ń ṣẹ́kù: 01000000, ìyẹn 64. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún 130, ó rí 128. Agboolé wọn yàtọ̀. Ó di ọ̀dọ̀ oníbodè.

Kí ló dé tí wọ́n ń ṣe gbogbo wàhálà yìí? Ariwo ni. Kọ̀ǹpútà tó ń wá ará ilé rẹ̀ a máa ké bí akéde pé, “Ta ló ń jẹ́ 192.168.10.75? Kó dáhùn!” Gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ló ní láti dẹtí sí i. Bí ẹ̀rọ bá ti ń di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, igbe yìí kì í ṣe kékeré mọ́. Rúútà kì í gbé irú igbe bẹ́ẹ̀ kọjá ẹnu bodè, èyí sì ni mo gbà pé ó wúlò jù nínú ọgbọ́n yìí. A tún lè pàṣẹ fún un pé kó má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ọ́fíìsì owó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ààlà inú nọ́ńbà kì í ṣe ògiri. Bí wáyà kan náà bá so gbogbo wọn pọ̀ láìsí ìyàsọ́tọ̀ mìíràn, ẹni tó bá yí àdírẹ́sì ẹ̀rọ rẹ̀ padà ti wọlé onílé.

Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ pípín nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kọ́kọ́ le. 36 ni nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì tí wọ́n fún wọn, àdírẹ́sì tó lé ní mílíọ̀nù 16 ló sì wà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agboolé kan ṣoṣo. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kéékèèké sì pọ̀ nínú ọgbà wọn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá lọ gba nọ́ńbà tirẹ̀, gbogbo rúútà tó wà níta ni yóò ru ẹrù orúkọ wọn. Jeffrey Mogul, tó wà níbẹ̀ nígbà náà, kọ àbá kan sílẹ̀ lórí subnet lọ́dún 1984. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 1985, òun àti Jon Postel gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní RFC 950 jáde. Lábẹ́ ìlànà yìí, 36 nìkan ni rúútà tó wà lọ́nà jíjìn nílò láti mọ̀ nígbà náà. Ìgbà tí iṣẹ́ bá dé ẹnu ọ̀nà Stanford ni wọ́n tó máa ń bèèrè láyé ìgbà náà pé agboolé wo.