Fáàfù Ìtú-Ọ́ìlì Lábẹ́ Ọkọ̀ Akẹ́rù: Ìrọ̀rùn Rẹ̀ àti Ewu Rẹ̀

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, bóyá ni èyí tí ó wọ́pọ̀ tó pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn kì í kà á sí iṣẹ́ ńlá. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì a wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, a fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí páálí, a fi sípánà tú bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí ó wà ní ìdí sọ́ńpù, ìyẹn agbada tí ọ́ìlì ń gbé lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí bọ́ọ̀tì náà bá ti bọ́, ọ́ìlì a tú jáde wàà. Ó sàn kí ọ́ìlì náà gbóná, kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè bá a jáde. Nítorí náà, ẹni tí kò bá tètè yọ ọwọ́ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ọ́ìlì inú tírélà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kánò dé Èkó lè gbóná tó 90 tàbí 100 lórí ìwọ̀n Celsius, 100 yìí kan náà sì ni omi fi ń hó.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kì í sábà gbà ju nǹkan bí lítà 4 tàbí 5 lọ. Ti tírélà yàtọ̀: lítà 30 sí 40 ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń gbà. Bí irú ọ́ìlì tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà, tí bàsíà sì kún, kò sí ọ̀nà láti dá a dúró àfi kí ẹni tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ ti ọwọ́ bọ inú ọ́ìlì gbígbóná láti dí ihò náà. Èyí tí bàsíà kò bá gbà, ilẹ̀ ni yóò gbà á. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọgbà àwọn mẹkáníìkì rí mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti dúdú tó.

Aburú kejì farasin ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbàkígbà tí wọ́n bá tú bọ́ọ̀tì yìí tí wọ́n sì dè é padà, tírẹ́ẹ̀dì inú sọ́ńpù, ìyẹn àwọn ilà wíwé tí bọ́ọ̀tì fi ń di ihò rẹ̀ mú, ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ẹ̀rù ń bà pé ọ́ìlì yóò jò a ki páìpù bọ ìdí sípánà kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i, a sì dè é títí yóò fi ké. Bí sọ́ńpù bá jẹ́ ti irin, ó lè fara dà á fún ìgbà pípẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti alumíníọ̀mù, tí ó rọ̀ ju bọ́ọ̀tì irin lọ, tírẹ́ẹ̀dì a fá kíákíá. Lẹ́yìn èyí, gọ́ọ̀mù àti òwú ni wọn yóò máa fi dí i, títí ọjọ́ tí ọlọ́kọ̀ yóò fi ra sọ́ńpù mìíràn.

Nítorí irú ìṣòro wọ̀nyí ni wọ́n ṣe dá fáàfù ìtú-ọ́ìlì sílẹ̀. Èrò inú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí awakọ̀ tírélà. Ọkọ̀ tí ó ń lo búrẹ́ẹ̀kì afẹ́fẹ́ ní táńkì afẹ́fẹ́, omi a sì máa kó jọ sí ìdí táńkì náà. Awakọ̀ kì í wá sípánà kí ó tó tú omi yìí, ọwọ́ lásán ni ó fi ń ṣí ẹnu rẹ̀. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé wá sí ìdí sọ́ńpù. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké ti ń lo irú rẹ̀ tipẹ́, ilé-iṣẹ́ Fumoto ní Japan sì ti ń ṣe é fún ọkọ̀ orí ilẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Idẹ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Nínú rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù irin kékeré kan wà tí wọ́n lu ihò la àárín rẹ̀ kọjá. Bí ọwọ́ fáàfù bá wà ní ipò títì, ihò bọ́ọ̀lù náà dábùú. Bí ènìyàn bá gbé ọwọ́ náà kúrò nínú kọ́lọ́fín tí sípíríìnì tì í mọ́, tí ó sì yí i ní ìdá mẹ́rin yíyípo, ihò á dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà, ọ́ìlì á sì máa ṣàn. Ẹ̀yà mìíràn wà tí kò ní ọwọ́ rárá: ọmọrí ni wọ́n ń tú kúrò lẹ́nu rẹ̀, àfi bí wọ́n bá sì de ọ̀pá rọ́bà tirẹ̀ mọ́ ọn ni yóò tó ṣí.

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tí ó fara mọ́ fáàfù yìí ń tọ́ka sí ni ọwọ́ ọmọ iṣẹ́. Ọ́ìlì kò ní jó o mọ́. Ó sì ju jíjó lọ, nítorí pé ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò ní èròjà tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ sí awọ ara ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ kàn án lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dídín irú ìfọwọ́kàn bẹ́ẹ̀ kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmẹ́lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọn yóò de fáàfù mọ́ sọ́ńpù, nípa bẹ́ẹ̀ tírẹ́ẹ̀dì bọ́ lọ́wọ́ páìpù àti sípánà. Bí kẹ́ẹ̀gì kan bá kún, wọn á ti fáàfù, wọn á gbé òmíràn sí i. Ọ́ìlì tí ó gba inú rọ́bà wọ kẹ́ẹ̀gì kò ba ilẹ̀ jẹ́, ó sì ṣe é tà: àwọn kan ń fi kun igi òrùlé nítorí ikán, àwọn tí ń da kọnkéré a sì fi ra pákó wọn kí ó má baà lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ní ọkọ̀ púpọ̀ tún lè bu ìgò kékeré kan fún àyẹ̀wò láìtú gbogbo rẹ̀ dànù, bí wọ́n bá ti jẹ́ kí èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ṣàn lọ ná, nítorí pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí sọ́ńpù ni ó máa ń pọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn tí kò fẹ́ ẹ náà ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní kì í tètè ṣàn. Òótọ́ ni: bí ihò kan bá jẹ́ ìdajì èkejì ní fífẹ̀, ìdá mẹ́rin kan péré ni àyè tí ọ́ìlì rí gbà. Wọ́n tún ní nínú àwọn sọ́ńpù kan, ẹnu fáàfù a máa yọ sókè díẹ̀ nínú sọ́ńpù, kò sì ní jẹ́ kí gbogbo ọ́ìlì jáde tán. Òótọ́ ni èyí náà, ṣùgbọ́n díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù nínú lítà 35 kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ jà. Ẹ̀sùn tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju èyí lọ ni ti òòfà. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀tì ìdí sọ́ńpù ní òòfà lórí, tí ń fa ẹ̀rún irin mọ́ra. Mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ a yẹ̀ ẹ́ wò: bí ẹ̀rún náà bá lọ́ kúnná bí ìyẹ̀fun, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀, bí ó bá rí i pé ó gún bí abẹ́rẹ́, yóò sọ fún ọlọ́kọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ó bá yọ bọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ tí ó fi fáàfù idẹ rọ́pò rẹ̀ ti yọ ẹlẹ́rìí kúrò nílé ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí fáàfù rọ̀ sí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Orí bọ́ọ̀tì kò yọ sísàlẹ̀ ju bí ìka kan ní nínípọn lọ. Fáàfù a máa yọ tó ìka méjì tàbí mẹ́ta. Òkúta tí ó bá gbá bọ́ọ̀tì a wọ́ orí rẹ̀ lásán. Èyí tí ó bá gbá fáàfù lè dá a ní ọrùn. Àwọn tí ń gbèjà rẹ̀ a ní ọkọ̀ akẹ́rù ga, àti pé irin tí ó dábùú láàrin táyà iwájú ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀ kí sọ́ńpù tó kàn án. Ìdáhùn yìí tọ̀nà lórí títì ọlọ́dà. Kò tọ̀nà fún típà tí ń kó òkúta jáde láti inú igbó, níbi tí igi gígé àti àpáta ń ta sókè láti ìdí táyà. Bí fáàfù bá dá, gbogbo ọ́ìlì ni yóò lọ. Iná pupa yóò tàn níwájú awakọ̀, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ó sì ní láti paná kò pọ̀. Bí ó bá ní kí òun kàn dé orí òkè ọ̀hún ná, bẹ́ríìnì yóò jó mọ́ kírànkì, ẹ́ńjìnnì yóò sì di èyí tí ó nọ́ọ̀kì. Bí ó bá sì jẹ́ pé owó àyálò ni ọlọ́kọ̀ fi ra ọkọ̀ náà, gbèsè kò ní dúró de ẹ́ńjìnnì tuntun.

Ọwọ́ ènìyàn náà tún wà níbẹ̀. Ohun tí kò béèrè sípánà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ kò ní béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́ṣà. Níbi tí tírélà ti ń sun ojú ọ̀nà mọ́jú, bíi Ògèrè, ìka kan ti tó láti ṣe ọkọ̀ níṣẹ́ ibi. Nítorí èyí, ẹ̀yà ọlọ́mọrí sàn ju ẹlẹ́ọwọ́ lọ fún ọkọ̀ tí ń sùn níta, bí iṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ lọ́ra díẹ̀. Ẹni tí ó bá sì yan ẹlẹ́ọwọ́ lè fi ìdè kékeré tí wọ́n ń tà mọ́ ọn de ọwọ́ rẹ̀, tàbí kí ó fi wáyà líle wé e.

Kí ọlọ́kọ̀ tó náwó sí i, kí ó kọ́kọ́ wo abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Bí ihò ìtú-ọ́ìlì bá wà ní ẹ̀gbẹ́ sọ́ńpù, tàbí tí ó kọjú sẹ́yìn, tí fáàfù kò sì ní rọ̀ ju ìsàlẹ̀ sọ́ńpù lọ, kí ó rà á. Ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ohun tí ènìyàn ń náwó lé lórí. Bí ó bá kọjú sílẹ̀ tààrà, tí ọkọ̀ náà sì ń wọ igbó, kí ó fi bọ́ọ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó máa pààrọ̀ wáṣà rẹ̀ déédéé, kí ó sì gba páìpù kúrò lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti fi fáàfù sí i, nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ láti tú omi inú táńkì afẹ́fẹ́, kí ó na ọwọ́ dé ìdí sọ́ńpù kí iná ẹ́ńjìnnì tó tàn, kí ó wò ó bóyá ọwọ́ fáàfù ṣì wà nínú kọ́lọ́fín rẹ̀, bóyá ìka rẹ̀ sì jáde ní gbígbẹ.