Bí A Ti Í Yan Ìbọn Ẹlẹ́nu Méjì fún Ẹyẹ àti fún Àwo Tí A Sọ Sókè

Nínú gbogbo irinṣẹ́ tí ń bẹ ní ilé ọdẹ, bóyá ni a rí èyí tí ènìyàn ń fi owó púpọ̀ rà pẹ̀lú ìmọ̀ díẹ̀ tó ìbọn. Ní Arákàlé ní ìlú Àkúrẹ́, àti ní ìlú Oǹdó tí a ti ń ṣe ọdún Ògún, iṣẹ́ ọdẹ kì í ṣe ohun àjèjì. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá fẹ́ ra ìbọn, iye owó ni ó ń kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́yìn náà ni yóò wo bí irin rẹ̀ ti ń dán. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ìbọn rere ni èyí tí ó bá ara ẹni mu, tí a sì lè ka ohun tí a kọ sí i lára. Ẹni tí kò bá mọ èkíní yóò máa ta àsé. Ẹni tí kò bá mọ èkejì lè pa ara rẹ̀.

Ṣakabùlà ni ìbọn tí àwọn baba wa mọ̀ jù. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì ń dún kí a tó tún un kì. Àparò tí ó fò kì í dúró dè wá títí a ó fi kì í tán. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì kò rí bẹ́ẹ̀. A ń ṣẹ́ ẹ sí méjì ní ìdí ọ̀pá rẹ̀, a fi kátíríìjì méjì sí i, a sì pa á dé. Oríṣi méjì ni ó wà. Ọ̀pá ti èkíní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti èkejì wà ní orí ara wọn. John Moses Browning, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣe ọ̀kan tí ó lókìkí jù nínú oríṣi kejì yìí. Ó kú ní ọdún 1926 ní ìlú Liège ní ilẹ̀ Belgium, kí ìbọn náà tó dé ọjà.

Èrè tí ó wà nínú ọ̀pá tí ó gun orí ara wọn ni pé ojú ayìnbọn ń tọ ìlà tóóró kan ṣoṣo lọ sí ara ẹyẹ. Lọ́nà kejì, ọ̀pá ìsàlẹ̀ sún mọ́ èjìká. Bí a bá kọ́kọ́ yìn ín, ìbọn a máa ti ènìyàn sẹ́yìn ní gbọọrọ, kì í sì í gbé ẹnu sókè púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìbọn kejì ṣe ń yá. Àbùkù rẹ̀ ni pé owó rẹ̀ a máa pọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ là gbàgà kí a tó lè fi kátíríìjì sí ọ̀pá ìsàlẹ̀.

Àwo tí a ń sọ sókè ni àwọn òyìnbó fi ń kọ́ bí a ti ń yin ẹyẹ. Ní àtijọ́, ẹyẹlé ààyè ni wọ́n ń tú sílẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Paris ní ọdún 1900. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1880 ni George Ligowsky ní ìlú Cincinnati ti gbé àwo amọ̀ jáde. Lónìí kì í ṣe amọ̀ mọ́. Ọ̀dà àti òkúta ẹfun tí a lọ̀ kúnná ni wọ́n fi ń ṣe é, ìbú rẹ̀ sì tó mílímítà 110. Ọdẹ ẹyẹ kan ní Massachusetts, Charles Davies, ni ó dá eré tí a ń pè ní skeet sílẹ̀ fún ìdánrawò ara rẹ̀. Nítorí náà eré àti ọdẹ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ṣùgbọ́n ìbọn tí ó dára jù fún ọ̀kan lè má dára jù fún èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwúwo. Ẹni tí ń yin àwo dúró ní ojú kan, ó sì ń yìn ín nígbà púpọ̀ ní ọjọ́ kan. Ìbọn tí ó tó pọ́ùn 8, tí ọ̀pá rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 30, ni ó tọ́ sí i, nítorí ìwúwo ń dín agbára tí ń ti èjìká kù. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí yóò rìn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán nínú oko kòkó àti nínú igbó ìhà Ìdànrè kò lè fi tayọ̀tayọ̀ gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Pọ́ùn 6 àti ààbọ̀ títí dé 7, pẹ̀lú ọ̀pá ínǹṣì 26 tàbí 28, ni yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tí ó fẹ́ fi ọ̀kan ṣe méjèèjì, kí ó mú ti àárín.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n inú ọ̀pá. Bí a bá yọ́ òjé pọ́ùn kan, tí a fi ṣe ọta róbótó 12 tí ó dọ́gba, bí ìkọ̀ọ̀kan ti tóbi tó ni inú ọ̀pá ìbọn 12 tóbi tó. Bí a bá fi ṣe 20, ìbọn 20 nìyẹn. A rí i pé bí nọ́mbà ti ń pọ̀ sí i ni ọ̀pá ń kéré sí i. Ìbọn 12 ni kátíríìjì rẹ̀ wọ́pọ̀ jù. Bákan náà ni nọ́mbà ọta wẹ́wẹ́: nọ́mbà 6 tọ́ sí àparò, nọ́mbà 4 tí ó tóbi jù ú lọ sì tọ́ sí awó.

Ẹnu ọ̀pá pẹ̀lú ní bí ó ti fún sí, èyí ni wọ́n ń pè ní ṣóòkù. Bí a bá fa òbìrí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 30, tí a yìnbọn sí i láti yáàdì 40, ẹnu tí ó fún jù yóò kó nǹkan bí ọta 70 nínú 100 sínú rẹ̀. Èyí tí ó fún díẹ̀ yóò kó nǹkan bí 50. Nínú igbó, níbi tí ẹyẹ ti ń fò sókè nítòsí, ẹnu tí ó fún díẹ̀ ni ó dára. Ní ìhà Àkókó, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, ẹyẹ a máa fò láti òkèèrè, ẹnu tí ó fún sì wúlò. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì lè ní méjèèjì: kí ti ìsàlẹ̀ là díẹ̀, kí ti òkè fún.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò tó bí ìbọn kò bá bá ara mu. Àwọn àgbà a máa wí pé kò sí àparò tí ó ga ju ara wọn lọ, àfi èyí tí ó bá gun orí ebè. Ebè ìbọn ni ara ẹni tí yóò yìn ín. Kí olùrà rí i dájú pé kò sí nǹkan nínú ìbọn. Kí ó di ojú, kí ó gbé e sí èjìká àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí ó wá la ojú. Bí ojú rẹ̀ bá ń wo gbọọrọ orí ọ̀pá, ìdí ìbọn náà bá a mu. Bí ó bá ń wo ẹ̀gbẹ́, tàbí tí irin bo ojú rẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó dán tó. Kí ó sì mọ ojú tí ó lágbára jù. Kí ó la ojú méjèèjì, kí ó na ìka sí igi kan. Kí ó wá di ojú òsì. Bí ìka kò bá kúrò lórí igi, ojú ọ̀tún ni olórí.

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ikú wà. Kátíríìjì 20 kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè wọ inú ìbọn 12 lọ, kí ó há sí iwájú. Ayìnbọn yóò fa á, kò ní dún. Yóò rò pé òfìfo ni, yóò fi kátíríìjì 12 sí i, ọ̀pá yóò sì bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bákan náà, a kò gbọdọ̀ fi kátíríìjì gígùn sí ọ̀pá tí a ṣe fún kúkúrú. Ara ọ̀pá ni a ń kọ ìwọ̀n wọ̀nyí sí. Ìbọn tí a fi páìpù omi rọ kò ní irú àkọsílẹ̀ tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Kí a má ṣe fi owó wa ra ọgbẹ́. Kí ọdẹ rántí pẹ̀lú pé ọta wẹ́wẹ́ lè fò ju yáàdì 200 lọ, nítorí náà kí ó má ṣe yìn ín sí koríko tí ń mì tí kò rí ohun tí ń mì ín.

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti ní irú ìbọn yìí láìgba ìwé àṣẹ láti ọwọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Kò sì sí ìwé fún ẹni tí kò tó ọdún 17, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹyẹ ni a ń yìn: odídẹrẹ́ ti di ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè fi òfin dáàbò bò.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, púpọ̀ nínú wa ni a ó rán lọ sí àwọn ìletò tí ọdẹ pọ̀ sí. Ní ọjọ́ kan, àgbàlagbà kan yóò gbé ìbọn wá sí ilé olùkọ́ pé, “Tíṣà, ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síbí.” Bí a bá lè ka 12 yàtọ̀ sí 20, tí a sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bàbá náà yóò lọ sí oko, yóò sì padà wá sílé pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.