Ìgbéyàwó Túká, Gbèsè Owó Orí Kù

Bí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀, ilé, ẹrù àti ìtọ́jú ọmọ ni ọ̀rọ̀ máa ń kọ́kọ́ dá lé. Ìwọ̀nba ènìyàn ní í rántí ìwé owó orí. Ibẹ̀ ni wàhálà ọ̀rẹ́ mi kan ti bẹ̀rẹ̀.

Òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́bàá Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí ìwé òwò náà, ṣùgbọ́n ọkọ ló ń bójú tó ìṣirò owó. Nígbà tí kóòtù ìbílẹ̀ tú wọn ká, ọ̀rẹ́ mi kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó kàn án padà sí Ọ̀yọ́, ó sì ń fi í bọ́ ọmọ méjì. Kò pẹ́ tí ìwé fi dé: owó orí ọdún mẹ́ta lórí òwò náà ni wọn kò tíì san. Ó bi mí bóyá kí òun ta ẹ̀rọ náà. Mo ní kí a kọ́kọ́ wo ohun tí òfin wí.

Ní Nàìjíríà, òfin kò da owó orí ọkọ pọ̀ mọ́ ti aya. Bí wọ́n bá jọ ń ṣòwò, ìpín èrè tirẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san owó orí lé lórí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ẹni tí iye tí wọ́n bù lé e kò bá tẹ́ lọ́rùn ní 30 ọjọ́ láti kọ ìwé àtakò. Bí ó bá dákẹ́, owó náà di dandan.

Ọ̀rẹ́ mi kọ tirẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ó fi ìwé kóòtù àti àdéhùn pínpín èrè tì í lẹ́yìn. Wọ́n tún ìṣirò náà ṣe, ìpín tirẹ̀ nìkan ló kù fún un, ó sì ń san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀, bí tọkọtaya bá jọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù owó orí kan, gbogbo gbèsè náà wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí adájọ́ tilẹ̀ ní kí ọkọ san án, IRS ṣì lè bi ìyàwó. Fọ́ọ̀mù 8857 ni wọ́n fi ń tọrọ ìdásílẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ nítorí owó tí ẹnìkejì fi pamọ́ ní láti fi hàn pé òun kò mọ̀, kò sì sí ìdí tí òun ìbá fi mọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọdún 2 péré ni àǹfààní náà, láti ọjọ́ tí IRS ti kọ́kọ́ ń wá owó náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bá olólùfẹ́ yín ṣòwò, ẹ ka ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ pa rìsíìtì mọ́, kí ẹ sì kọ ìpín èrè yín sílẹ̀ nígbà tí ìfẹ́ ṣì dùn.