Ẹ̀rín Ju Ẹ̀rín Lọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, lámèyítọ́ tí ó wí pé ìwé kan pani lẹ́rìn-ín, tí kò wí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò tí ì sọ nǹkan. Ta ni à ń rín? Nítorí kí ni?

Ẹ wo Bernard Dadié, tí ó kú ní Abidjan ní ọdún 2019. Nínú ìwé rẹ̀, Un nègre à Paris (1959), ọmọ Áfíríkà kan lọ sí Paris, ó sì ròyìn àṣà ibẹ̀ bí àwọn arìnrìn-àjò òyìnbó ti máa ń ròyìn tiwa. Ìyanu ni ó fi bo ìbáwí mọ́lẹ̀.

Bí a bá pè é ní yẹ̀yẹ́, a ṣì í pè. Bí a bá pè é ní àwàdà lásán, a bu ọgbọ́n rẹ̀ kù. Ẹ̀fẹ̀ ni, bí ti òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu: ó ń pa wá lẹ́rìn-ín, ó sì ń bá wa wí.